Ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ba àwòrán OCT jẹ́, àti bí a ṣe ń ka plaque

Ohun méjì lẹ béèrè: kí ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kún inú àwòrán OCT (àwòrán inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn tí a fi ìmọ́lẹ̀ yà), báwo la sì ṣe ń mọ kálísíọ́mù yàtọ̀ sí ọ̀rá lára plaque (ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan).

Ìmọ́lẹ̀ ni OCT fi ń ríran, ẹ̀jẹ̀ sì ń dí i lójú. Dáì (omi tí a ń ta sínú iṣan kí ó lè hàn nínú X-ray) gbọ́dọ̀ lé ẹ̀jẹ̀ kúrò ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń fa lẹ́ǹsì inú kátítà OCT sẹ́yìn, ìyẹn bí ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 3. Bí àwòrán bá bàjẹ́, ọ̀pọ̀ á kàn máa fi dáì kún dáì, kíndìnrín aláìsàn ló sì ń jìyà rẹ̀. Ẹnu kátítà atọ́nà (ọ̀pá rírọ̀ tín-ín-rín tí dáì àti kátítà OCT ń gbà wọ iṣan) ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: bí kò bá wọ ẹnu iṣan dáadáa, inú aorta (iṣan ńlá tó ti ọkàn jáde) ni dáì ń dà sí. Ẹ ta dáì díẹ̀ wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń lọ́ bí èéfín lójú ẹ̀rọ, ẹ má tíì fa lẹ́ǹsì. Fún iṣan òsì, 4 mL ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àpapọ̀ 12 sí 16 mL, sábà máa ń tó. Ti ọ̀tún, 3 mL ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Heparin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) gbọ́dọ̀ ti wọ ara ṣáájú. Ẹ fi nitroglycerin (oògùn tó ń mú kí iṣan fẹ̀) 100 sí 200 µg sínú iṣan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣan tó sún kì lẹ máa wọ̀n, stent (páìpù onírin kékeré tó ń la iṣan sílẹ̀) tó kéré jù lẹ ó sì mú.

Kíkà ló le. Kálísíọ́mù àti ọ̀rá, àwọn méjèèjì ló ṣú. Etí wọn ni kí ẹ wò. Etí kálísíọ́mù mú, ẹ ó sì lè fi ojú tọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ti ọ̀rá pòòrá, ìmọ́lẹ̀ kú síbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má kọ bó ṣe nípọn sílẹ̀. Kálísíọ́mù tó yí iṣan ká ju 180° lọ, tó nípọn ju 0.5 mm, tó sì gùn ju 5 mm, kì í jẹ́ kí stent là tán. Ẹ fọ́ ọ ná.

Ẹ̀tàn kan wà tó ń mú àwọn ọ̀gá pàápàá: bí kátítà OCT bá fara ti ògiri iṣan, ìmọ́lẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ ògiri náà kọjá, abẹ́ rẹ̀ á ṣú, ẹ ó sì rò pé ọ̀rá tí ìbòrí rẹ̀ kò tó 65 µm lẹ rí. Ẹ wo ibi tí kátítà wà kí ẹ tó dá plaque lẹ́bi. Ẹ̀jẹ̀ dídì pupa náà ń da òjìji bo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí kíndìnrín kò bá dára, tàbí tó bá jẹ́ ẹnu left main (ìbẹ̀rẹ̀ iṣan òsì) gan-an ni àìsàn wà, IVUS (àwòrán inú iṣan tí a fi ultrasound yà) ni kí ẹ lò. Kò nílò dáì, ó sì ń wọlé jìn ju 1 sí 2 mm ti OCT lọ, àmọ́ kò lè rí ìbòrí tín-ín-rín yẹn, kò sì lè wọn bí kálísíọ́mù ṣe nípọn, torí òjìji ló ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí apá kan àwòrán IVUS tó ń yí bá fẹ̀ tí ìkejì fún pọ̀, ẹ dẹ fáàfù ẹ̀yìn kátítà atọ́nà díẹ̀, kí ẹ sì na ibi tó bá ká kò nínú kátítà IVUS.