Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Àwọn Olórí Ayé Máa Bú Ara Wọn ní Gbangba?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù, àfáà wa. Àdúgbò Pàkátà ní Ìlọrin ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Àwa tí a jọ ń hun aṣọ òfì ń wo fídíò kan lórí fóònù, níbi tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè ti ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ síra wọn. Mo ní kò yẹ àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi ní oníwàásí kan ti sọ níbi wòlímọ̀ pé sunna, ìyẹn ìlànà Ànábì, ni kí olórí Mùsùlùmí bú olórí kèfèrí, pé Abubakar, sàábé Ànábì, bú aṣojú Kuraysh, ẹ̀yà Mẹ́kà tó ń bá Ànábì jà, ní Hudaybiyyah, àti pé Harun al-Rashid, kàlífà àwọn Mùsùlùmí láyé àtijọ́, pe ọba Rúúmù (Byzantium) ní ajá. Ọ̀rọ̀ di ìjà, ọjọ́ kẹfà rèé tí a kò kíra. Ta ló jàre?

Ìdáhùn: Wàálékúmù sàláámù. Ìwọ lo jàre lórí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀bi kan wà lọ́rùn ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ tí n ó kàn tó bá yá. Kò tọ́ kí olórí, ìbáà ṣe Mùsùlùmí tàbí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, máa bú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n péjọ sí fún ọ̀rọ̀ ìlú. Ohun tí Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún un ni kí ó sọ òótọ́, bí òótọ́ náà tilẹ̀ korò bí ewúro.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti Rúúmù, nítorí pé lẹ́tà méjì ni Rúúmù gbà, ọ̀kan ṣoṣo ni oníwàásí yín sì kà fún yín. Lẹ́yìn àdéhùn Hudaybiyyah, ìyẹn àdéhùn àlàáfíà pẹ̀lú Kuraysh, Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ̀wé sí Heraclius, ọba Rúúmù. Gẹ́gẹ́ bí Bukhari, onímọ̀ hádíìsì, ṣe gbà á wá, ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pé láti ọ̀dọ̀ Muhammad, ẹrú Ọlọ́hun àti òjíṣẹ́ Rẹ̀, sí Heraclius, ẹni ńlá àwọn ará Rúúmù. Ẹ wo bí ó ṣe wọn ọ̀rọ̀ náà. Kò pè é ní ọba, kò sì kí i ní sàláámù tí a fi ń kí Mùsùlùmí. Ohun tó kọ ni pé kí àlàáfíà máa bá ẹni tó bá tẹ̀lé ìmọ̀nà. Síbẹ̀, ó fún un ní ipò tí àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí. Ó kìlọ̀ fún un pé bí ó bá kẹ̀yìn sí ìpè náà, ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò wà lọ́rùn rẹ̀. Ìkìlọ̀ wo ló tún le ju ìyẹn lọ? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi àtùpà wá èébú nínú lẹ́tà náà, ẹ kò ní rí ẹyọ kan.

Ó lé ní 170 ọdún lẹ́yìn náà kí Harun tó kọ tirẹ̀ sí Nikephoros, ọba Rúúmù tó kọ̀ tí kò san owó ìṣákọ́lẹ̀ mọ́. Harun ló pè é ní ajá Rúúmù. Ó wà nínú ìtàn, Tabari òpìtàn kọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà wo ni ìbínú ọba ti di sunna? Àwa tí a ń tẹ̀lé mazhab Maliki, ìyẹn ọ̀nà òfin ti Imam Malik, ní Ìlọrin mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà wá láti ẹnu Imam Malik, pé kò sí ẹni tí a kì í gbà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí a sì fi òmíràn sílẹ̀, àfi ẹni tó ni sàréè yìí, ìyẹn Ànábì. Ẹni tó bá fi lẹ́tà Harun bo lẹ́tà Ànábì mọ́lẹ̀, tó wá ń pè é ní sunna, àdádáálẹ̀ ló ń tà fún yín.

Ti Abubakar ló gba ìfarabalẹ̀, nítorí pé hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni. Urwa ọmọ Mas'ud wá ṣojú Kuraysh, ó sì sọ fún Ànábì pé àwọn èrò tó yí i ká yìí yóò sá, wọn yóò sì fi í sílẹ̀. Ara Abubakar kò gbà á, ó sọ ọ̀rọ̀ kan nípa òrìṣà Lata tí gègé mi kò ní kọ síbí. Ànábì kò bá a wí. Ibn Hajar, onímọ̀ tó ṣàlàyé ìwé Bukhari, sì yọ ọ́ jáde nínú rẹ̀ pé a lè fi ọ̀rọ̀ líle lé ẹni tó yẹ bẹ́ẹ̀ padà. N kò ní fi èyí pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ta ló sọ̀rọ̀ náà? Ọmọlẹ́yìn tí wọ́n pè ní ojo lójú ara rẹ̀ ni, kì í ṣe ẹni tó ń ṣe àdéhùn. Ẹni tó ń ṣe àdéhùn kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un. Nígbà tó di pé kí wọ́n kọ ìwé, tí Suhayl ọmọ Amr, aṣojú Kuraysh mìíràn, ní wọn kò gbọdọ̀ kọ “òjíṣẹ́ Ọlọ́hun” síbẹ̀, Ali, tó ń kọ ìwé náà, ní ọwọ́ òun kò lè pa á rẹ́, Ànábì sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́. Urwa ńkọ́? Kì í ṣe èébú ló gbé délé. Ohun tó sọ fún Kuraysh ni pé òun ti dé ààfin Kisra ọba Páṣíà, ti Kaysar ọba Rúúmù àti ti Najashi ọba Habasha (Ethiopia), òun kò sì rí ọba tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún bí àwọn sàábé ṣe ń bọ̀wọ̀ fún Muhammad. Nígbà tó yá, òun náà gba Islam.

Ẹ má gbàgbé Aisha, ìyàwó Ànábì, pẹ̀lú. Àwọn Yahudi kan wọlé, wọ́n lọ́ sàláámù po, wọ́n fi ikú kí Ànábì. Aisha gbaná jẹ, ó fi ikú àti ègún dá wọn lóhùn. Ànábì ní kí ó rọra, pé Ọlọ́hun fẹ́ràn ìrọ̀rùn nínú gbogbo ọ̀rọ̀, pé òun ti dá wọn lóhùn tẹ́lẹ̀: “Ẹ̀yin náà.” Ó parí síbẹ̀.

Ẹ wá wo ti ayé òde òní. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006, Hugo Chávez, ààrẹ Venezuela nígbà náà, dúró lórí pèpéle Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó pe ààrẹ Amẹ́ríkà ní Ṣàítáánì, ó ní òun ṣì ń gbóòórùn imí ọjọ́ níbẹ̀. Ní 2017, Donald Trump fi Kim Jong Un, olórí North Korea, ṣẹ̀fẹ̀ lórí pèpéle kan náà, Kim sì dá a padà pé arúgbó tó ń ṣarán ni. Ànábì ti sọ pé nínú ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kí ènìyàn bú òbí ara rẹ̀. Wọ́n ní báwo ni, ó ní yóò bú baba ẹlòmíràn, ìyẹn yóò sì bú baba tirẹ̀. Olórí tó bú olórí ẹlòmíràn, gbogbo ìlú tirẹ̀ ló gbé lọ síwájú èébú. Èyí tó dùn mí jù ni ti Mùsùlùmí sí Mùsùlùmí. Níbi ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè Islam ní Doha, ní oṣù Kẹta ọdún 2003, aṣojú Iraq pe aṣojú Kuwait ní ọ̀bọ, nígbà tí ogun ti ń kan ilẹ̀kùn Iraq. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ogun náà fi wọlé. (Kí àwa àfáà má sì máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń kì wá ní Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀, síbẹ̀ ohun tí àwọn kan nínú wa ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ síra wọn lóru wáàsí, iyọ̀ kọ́.)

Ẹni tí wọ́n ṣe àbòsí sí yàtọ̀. Ọlọ́hun sọ nínú Suratu Nisai, ẹsẹ 148, pé Òun kò fẹ́ kí a máa kéde ọ̀rọ̀ burúkú, àyàfi ẹni tí wọ́n bá ṣe àbòsí sí. Nítorí náà, olórí tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ tàbí tí wọ́n pa ènìyàn rẹ̀ lè dìde, kó dárúkọ ẹni tó ṣe é, kó sì ka ohun tó ṣe síta. Kó má kọjá ibẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ. Ànábì kò yọ̀ǹda ju ọjọ́ mẹ́ta lọ fún Mùsùlùmí láti yan ọmọ ìyá rẹ̀ lódì, ó sì ní ẹni tó bá kọ́kọ́ kí èkejì ló lóore jù. Ìwọ ni àbúrò. Lọ bá wọn ní ìsọ̀, kí o kí wọn kí ìrun Àlásàrì òní tó tó, kí o má sì mẹ́nu kan Harun al-Rashid.