Ṣé Òṣìṣẹ́ Ìjọba Lè Yẹ Àkọsílẹ̀ Àfẹ́sọ́nà Wò?

Ìbéèrè: As-salāmu ‘alaykum, Àáfà. Ọ́fíìsì ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́. NIN, àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí àwọn ará ìlú wà lórí kọ̀ǹpútà wa. Àǹtí mi fẹ́ kí n yẹ àkọsílẹ̀ ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀ wò. Àáfà kan ní kò sóhun tó burú níbẹ̀, torí Fātimah ọmọ Qays bi Ànábì nípa àwọn tó fẹ́ fẹ́ ẹ, Ànábì sì sọ ìwà wọn fún un. Àwọn kan níbi iṣẹ́ wa tiẹ̀ ń gbowó lórí irú ẹ̀, wọ́n ní ẹ̀bùn ni.

Ìdáhùn: Wa ‘alaykumu s-salām. Má wò ó, ìbáà jẹ́ ìyá tó bí ọ ló rán ọ.

Òótọ́ ni hádíìsì Fātimah. Imam Malik, tí a ń tọ ojú ọ̀nà rẹ̀, gbà á wá nínú ìwé hádíìsì rẹ̀, Muwatta. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dáadáa. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló wá gba ìmọ̀ràn. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní Abu Jahm kì í sọ ọ̀pá kalẹ̀ léjìká (ìyẹn ni pé ó máa ń lu obìnrin), Mu‘āwiyah kò ní dúkìá, kó fẹ́ Usāmah. Ohun tó mọ̀ nípa wọn ló sọ. Kì í ṣe ẹrù tí wọ́n fi pamọ́ sí i lọ́wọ́ ló lọ tú. Kí àáfà yẹn yéé gbé hádíìsì kúrò láyè rẹ̀, torí àwọn ọ̀dọ́ wa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ń gbọ́ ọ!

Àmáànà, ìyẹn ohun tí wọ́n fi sí ọ níkàáwọ́, ni àkọsílẹ̀ yẹn, āyah 58 nínú Sūratu n-Nisā’ sì dè ọ́. Òfin ọdún 2023 tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ èèyàn ní Nàìjíríà náà mú òṣìṣẹ́ ìjọba. Bí o bá ń dìde lọ kírun Àílà, ti kọ̀ǹpútà rẹ pa. Páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ kọ sórí ìwé pélébé, tí ẹ lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ẹ yọ ọ́ lónìí.

Ní ti owó, harāmu ni. Ibn al-Lutbiyyah, ẹni tí Ànábì rán lọ gba sàká, gbà á dé, ó ní, “Tiyín rèé, èyí ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ.” Ànábì bínú, ó ní kí ló dé tí kò jókòó sílé bàbá àti ìyá rẹ̀, kó wò ó bóyá ẹ̀bùn náà yóò wá bá a níbẹ̀. Ẹni tó ti gbà á, kó ronú pìwà dà, kó má jẹ nínú rẹ̀, kó kó o fún tálákà.

Àǹtí rẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti wádìí. Kó bi àwọn ará mọ́ṣáláṣí ọkùnrin náà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọjọ́ orí rẹ̀ ló ń kọ ọ́ lóminú, kó ní kí ọkùnrin náà mú sílíìpù NIN rẹ̀ wá fúnra rẹ̀.