Ṣé Mo Lè Gba Oyè Ọ̀mọ̀wé Kejì Lókè Òkun?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ọ̀fà. Ọdún kẹta rèé tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì ní Ìlọrin. Ó wù mí kí n lọ gba òmíràn nínú ìmọ̀ kan náà ní Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí èmi àti ìyàwó àti àwọn ọmọ sì jọ lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Tankẹ́ ní kí n fi ìwé-ẹ̀rí másítà nìkan ránṣẹ́, kí n má mẹ́nu kan ti ọ̀mọ̀wé rárá. Ṣé ó bójú mu?

ÌDÁHÙN: Ọ̀mọ̀wé, kò bójú mu, kò sì ṣeé bò mọ́lẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí ẹ máa kún yóò béèrè gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ẹ ti lọ, àti pé lókè ibi tí ẹ máa buwọ́ lù, ẹ óò rí gbólóhùn tí ẹ fi ń jẹ́rìí pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ọ̀gá tó máa kọ̀wé ìjẹ́rìí fún yín gan-an lè pè yín ní Dókítà nínú lẹ́tà rẹ̀. Bí àṣírí bá tú, yunifásítì lè gba oyè náà padà kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà á, àwọn ọ̀rẹ́ yín kò sì ní bá yín pín nínú ìtìjú náà.

Ní ti ìmọ̀ kan náà, ìlànà University of California ní Berkeley ni pé ẹni tó ti jẹ́ ọ̀mọ̀wé kò lè wá gba òmíràn àfi tí ìmọ̀ tuntun náà bá yàtọ̀ gedegbe sí ti àkọ́kọ́. Irú ìlànà yìí wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà, nítorí pé yunifásítì fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń gbé ìnáwó akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé fún nǹkan bí ọdún 5. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu tirẹ̀.

Lójú tèmi, postdoc ni ẹ ń wá, ìyẹn iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ń sanwó fún ẹni tó ti gba oyè. Àjọ Alexander von Humboldt ní Jámánì, fún àpẹẹrẹ, ń gba irú yín fún oṣù 6 sí 24. Oyè tí àwọn kan ní kí ẹ fi pamọ́ yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ni mo rò pé ó dá ìrújú sílẹ̀. Lóòótọ́, láti oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ másítà tí kì í ṣe ti ìwádìí kò lè mú aya àti ọmọ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́, tí ti ọ̀mọ̀wé sì lè mú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi físà iṣẹ́ lọ ṣe ìwádìí náà lè mú wọn dání.

Ẹ wá ọ̀jọ̀gbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ bá tiyín mu, kí ẹ kọ lẹ́tà ojú ewé kan sí i, kí ẹ dárúkọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ tí ẹ kà àti ohun tí ẹ lè fi kún un, kí ẹ sì fi "Dókítà" síwájú orúkọ yín.