Ìbéèrè Yín Lórí Wàrà

Lẹ́tà tó wọlé lórí wàrà pọ̀, a sì ti kó àwọn tó jọra pọ̀ sójú kan. Wàrà tí à ń sọ níbí ni èyí tí àwọn ìyá Fúlàní ń dì tí wọ́n sì ń kiri.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ra mílíìkì tútù lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, mo sì ń fi ewé bọmubọmu dì í. Nígbà míì á rún wẹ́wẹ́, nígbà míì á dì ṣùgbọ́n á korò. Kí ni mò ń ṣì ṣe? (Òǹkàwé, Ògbómọ̀ṣọ́)

Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó bi ewé. Fún lítà 2 mílíìkì tí wọ́n fún láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ewé 3 tó tó àtẹ́lẹwọ́ ti tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gún un, ẹ fi ìwọ̀nba mílíìkì pò ó, kí ẹ sì fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ há sẹ́ ẹ. Gbé ìyókù mílíìkì ka iná jẹ́jẹ́. Tó bá gbóná débi tí ìka yín ò fi lè pẹ́ nínú rẹ̀ (nǹkan bíi 50 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius), ẹ da oje ewé náà sí i, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kó lè kárí, kí ẹ sì gbé ìgbákọ sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́ nìyí. Bí wàrà bá ti ń dì, ìgbákọ tó ń yí nínú rẹ̀ ló ń gé e wẹ́wẹ́. Bí iná bá sì pọ̀ jù, híhó á tú u ká kó tó gbá ara rẹ̀ mú. Omi rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Bó bá ṣì funfun, kò tíì jinná. Bó bá ti mọ́ gaara, tó pọ́n díẹ̀ tó sì fẹ́ jọ àwọ̀ ewé, ó ti ṣe nìyẹn. Bí kò bá dì rárá, ẹ fi oje ewé kan péré kún un. Mílíìkì tí wọ́n ti fi omi là kò lè dì gírígírí, bí ewé ṣe wù kó pọ̀ tó. Èyí tó sì ti ń kan tẹ́lẹ̀ máa ń rún ni.

Ìkorò ńkọ́? Oje bọmubọmu ní èròjà kan tó ń gé purotéènì inú mílíìkì, òun náà ló ń mú un dì. Tí iná kò bá pa èròjà yìí, iṣẹ́ rẹ̀ kò dúró: á máa gé purotéènì náà lọ lẹ́yìn tí wàrà ti dì tán, ìyẹn ló ń korò lẹ́nu. Ewé tó pọ̀ jù ń dá kún un. Torí náà, lẹ́yìn tó bá ti dì, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Híhó yìí kan náà ló ń pa kòkòrò ikọ́ ife àti ti ibà brucellosis tó lè wà nínú mílíìkì tútù, nítorí náà ẹ má fò ó. Ẹ ṣọ́ra fún oje funfun ewé náà o: májèlé ni, bó bá ta sójú, ó lè ba ojú jẹ́. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹ wá bu ú sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré tàbí ike tí ẹ lu ihò sí nídìí, ẹ yí i padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, kí ẹ jẹ́ kó ro títí tí ẹ fi máa tẹ̀ ẹ́ tí á ta padà. Lítà 5 mílíìkì tó dáa máa ń fúnni ní nǹkan bíi kílò 1.

Kò sí bọmubọmu ní Peckham níbí. Ṣé mo lè lo wàrà òyìnbó tí wọ́n ń pè ní halloumi? (Òǹkàwé, London)

Ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n paneer àwọn ará Íńdíà ló sún mọ́ wàrà wa jù. Kì í sábà ní iyọ̀, kì í sì í yọ́ lórí iná. Omi iyọ̀ ni wọ́n ń tọ́jú halloumi ti Kípírọ́sì sí, torí náà ẹ gé e, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lásán fún wákàtí kan ó kéré tán, kí ẹ má sì fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Wàrà òyìnbó bíi Cheddar àti mozzarella kò wúlò fún ọbẹ̀ wa, yíyọ́ ni wọ́n máa yọ́ dànù.

Ó sì rọrùn láti di irú paneer yìí nílé. Lítà 2 mílíìkì tí wọn kò yọ ọ̀rá rẹ̀ ni kí ẹ gbé kaná, kí ẹ máa rò ó kó má jó nídìí. Bó bá kù díẹ̀ kó hó, ẹ pa iná, ẹ da omi lẹ́mọ́ọ̀nù ṣíbí ìjẹun 4 sí i díẹ̀díẹ̀. Bí omi rẹ̀ kò bá mọ́, ẹ fi ọ̀kan sí méjì kún un. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ dà á sínú aṣọ mímọ́, ẹ fi omi tútù ṣàn án kí kíkan rẹ̀ lè lọ, kí ẹ dì í, kí ẹ sì gbé nǹkan wúwo lé e fún wákàtí kan.

Wàrà tí mo bá rà lọ́jà ti máa ń kan kó tó di ọjọ́ kejì. (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

Omi tó wà nínú rẹ̀ ló fà á. Ṣúgà inú mílíìkì ṣì wà nínú omi náà, kòkòrò tó bá sì rí i nínú oòrùn á sọ ọ́ di kíkan. Bí ẹ bá délé, ẹ da omi ọjà nù, ẹ se wàrà náà nínú omi tuntun tó ní iyọ̀ díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kó tutù, kó wá wọ fìríìjì pẹ̀lú omi tí ẹ sè. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́, á tó ọjọ́ mẹ́rin. Bí kò bá sí iná mànàmáná, ẹ máa sè é láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ méjì. Èyí tó bá ń yọ̀ lọ́wọ́, tàbí tó wú tí ihò wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ má dín in.

Kí ni wọ́n fi ń pa wagasi (bí wọ́n ṣe ń pe wàrà ní Benin) láró tó fi ń pupa? (Òǹkàwé, Àjàṣẹ́)

Ewé àti èèpo pòròpórò ọkà bàbà ni. Wọ́n á sè é títí omi á fi pọ́n, àwọn kan ń fi kán-ún díẹ̀ sí i kó lè pọ́n dáadáa, wọ́n á wá ki wàrà bọ̀ ọ́ kó hó. Ara rẹ̀ nìkan ló ń pupa, inú á ṣì funfun. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ náà pé kò ní jẹ́ kó bàjẹ́. Èyí tí ẹ kò bá sè lásètúnsè máa kan bíi ti funfun.

Bó bá wọ òróró, á máa ta, á sì lẹ̀ mọ́ páànù. Báwo lẹ ṣe ń dín tiyín, èwo lẹ sì fẹ́ràn jù? (Òǹkàwé, Ìlọrin)

Omi ló ń ta, òróró tí kò tíì gbóná ló ń jẹ́ kó lẹ̀. Ẹ gé e ní ìwọ̀n ìka méjì, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ fún ìdajì wákàtí, ẹ wá fi aṣọ gbẹ ara rẹ̀ dáadáa. Òróró tó bò ó dé ìdajì ni kó gbóná kó tó wọlé, kí ẹ má sì kó o pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má fọwọ́ kàn án títí ìdí rẹ̀ á fi pọ́n. Bó bá pọ́n, fúnra rẹ̀ ló máa ṣí kúrò nílẹ̀ páànù.

Ní tiwa, ẹ̀fọ́ rírò tí wàrà dídín wà nínú rẹ̀ ló borí, àmàlà sì ni kí ẹ fi jẹ ẹ́. Ìṣẹ́jú 5 tó kẹ́yìn ni kó wọ ọbẹ̀, kí ara rẹ̀ lè fa ata tán láìrọ̀. Èyí tí ẹ kò dín náà ṣeé sè nínú ọbẹ̀ ata fún ìṣẹ́jú 15, á mu ata wọnú ju dídín lọ. Tí ó bá sì jẹ́ pé ìyá Fúlàní ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé ni, tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ látinú ìkòkò, ata gígún àti iyọ̀ ti tó o.