Kòkànyín Bu Ológbò Hájíà Jẹ

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Kúbwà ní Àbújá ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. A ní ajá kan tí ọkọ mi sọ ní Kòkànyín, ó sì ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta tí a ti ń sìn ín. Ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí ọmọ wa ṣí géètì fún mai ruwa kí ó lè ti ọmọlanke omi rẹ̀ wọlé, ajá náà já gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó sáré wọ ọgbà Hájíà tó ń gbé ní iwájú ilé wa, ó sì ki ológbò rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Kí a tó gbà á sílẹ̀, ó ti gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Ológbò náà kò kú, ṣùgbọ́n ó ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ láti àná, kò sì jẹun. Mo gbé ₦20,000 lọ fún Hájíà, ó ní òun kò gbà, àfi kí ajá náà kúrò ládùúgbò. Ọkọ mi ní ológbò lásán ni, ṣebí òun ló máa ń gun orí ògiri wa kiri. Ẹ̀rù ń bà mí kí ọ̀rọ̀ yìí má di ti ọlọ́pàá. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Kúbwà.

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìdààmú. A ti kọ́kọ́ fi ohun tó kan ìtọ́jú ológbò náà ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù, nítorí pé ọgbẹ́ kì í dúró de ẹni tó ń tẹ ìwé, ṣùgbọ́n a ó tún un sọ níbí fún àwọn tí irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí lọ́la.

Ológbò ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, kí ẹ tó dá ọ̀rọ̀ owó tàbí ti ẹni tó jẹ̀bi sílẹ̀. Eyín ajá tó gùn máa ń wọlé bí ìṣó ni. Ihò tó dá sí awọ ara lè kéré débi pé irun yóò bò ó mọ́lẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé ẹran abẹ́ rẹ̀ ti ya, tí kòkòrò àrùn ẹnu ajá sì ti bá a wọ ibẹ̀. Irú ojú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa tètè padé lókè, ọyún a sì máa kó jọ nísàlẹ̀. Èyí tó tún bà mí lẹ́rù ju ti eyín lọ ni gbígbọ̀n tí ẹ ní ó gbọ̀n ọ́n. Bí ajá bá fi ẹnu mú ẹranko kékeré tí ó sì gbọ̀n ọ́n, egungun ìhà lè ṣẹ́, ẹ̀dọ̀fóró lè lu, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa dà sínú ikùn láìjẹ́ pé ẹ̀kán kan hàn síta. Ológbò tí ara ń ro kì í sábà ké. Yóò wá ibi tó ṣókùnkùn lọ, yóò sì dákẹ́ síbẹ̀. Nítorí náà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ti Hájíà wọ̀ lọ yẹn ń sọ fún wa pé ìrora rẹ̀ pọ̀.

Kí a fi táwẹ́ẹ̀lì tó nípọn wé e kí a tó gbé e, nítorí ẹranko tó fara pa lè bu ẹni tó ni ín gan-an jẹ, kí a sì gbé e sínú páálí tí a ti lu ihò sí. Kí a wo èrìgì rẹ̀: bí ó bá funfun dípò kí ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tàbí bí ó bá ń la ẹnu mí, dókítà ẹranko ni kí a gbé e lọ bá lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Omi tó mọ́ tí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí ti tó láti ṣan ojú egbò. Dẹ́tọ́ọ̀lù tí gbogbo wa máa ń sáré mú yẹn jẹ́ májèlé fún ológbò, torí pé yóò lá a kúrò lára rẹ̀ sínú ikùn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fún un ní parasitamọ́ọ̀lù nítorí ìrora. Hóró kan péré lè pa á.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá káàdì àjẹsára Kòkànyín jáde. Ẹ kò mẹ́nu bà á nínú lẹ́tà yín, ìyẹn sì mú mi fura díẹ̀. Àrùn dìgbòlugi, tí àwọn Hausa ń pè ní haukan kare, inú itọ́ ni ó ń bá rìn, ajá ló sì ń kó o ran ènìyàn nínú bí ìṣẹ̀lẹ̀ 99 nínú 100. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni náà tó yè é. Ajá yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ láti bí oṣù 3, kí ó sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Àwa tí a wà ní Òkè Ọya níhìn-ín kò sì ní àwáwí, nítorí ilé iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, èyí tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ náà fún ajá.

Bóyá káàdì wà tàbí kò sí, ẹ mú ajá náà mọ́lẹ̀ sínú ọgbà yín fún ọjọ́ 10, kí ẹ sì máa ṣọ́ ọ. Ajá tí àrùn yìí bá ti dé inú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu nǹkan jẹ yóò ti máa ṣàìsàn, tàbí kí ó ti kú, kí ọjọ́ 10 tó pé. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kọkànlá bá mọ́ tó ṣì ń jẹun, tó ń ju ìrù, a jẹ́ pé itọ́ rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn ní ti àrùn yìí. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọdọ̀ pa á, tí ẹ kò sì gbọdọ̀ tètè gbé e kúrò ládùúgbò bí Hájíà ti ń fẹ́. Bí ajá bá ti kúrò lójú, kò sí bí a ó ṣe mọ̀. Ológbò náà nílò abẹ́rẹ́ tirẹ̀, dókítà ẹranko ni yóò sì sọ iye ọjọ́ tí wọn yóò fi máa ṣọ́ òun náà. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó là wọ́n níjà, títí kan ọmọ yín àti mai ruwa, bá ní ojú eyín tàbí ibi tí èékánná ti ha á, kí ó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹni yẹn kò bá tíì lọ títí di ìsinsìnyí, kí ó dìde lọ.

Ní ti Hájíà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: ₦20,000 yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Owó tó bá ṣáájú ẹ̀bẹ̀ dé ilé ẹni máa ń dà bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi di ẹni lẹ́nu. Ẹ padà lọ lẹ́yìn ìrun Mágíríbì, ẹ̀yin àti ọkọ yín pẹ̀lú àgbàlagbà kan ládùúgbò tó gbọ́ Hausa dáadáa, kí ẹ sì wọ aṣọ tí ajá kò fara kàn, torí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kì í fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tàbí ẹní tí wọ́n fi ń kírun. Ọkọ yín ni kí ó kọ́kọ́ lanu, kí ó sì sọ ọ́ ní èdè Hausa: “Don Allah, a yi haƙuri,” ìyẹn ni pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú.” Kí ó dúró síbẹ̀, kí ó má fi ọ̀rọ̀ ògiri kún un. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí a ti máa ń fura sí ológbò tó bá ń ké lóru, ó rọrùn láti sọ pé “ológbò lásán”. Lọ́dọ̀ Hájíà, ẹranko tó mọ́ ni. Bí ó bá lá omi àlùwàlá, omi náà kò bàjẹ́. Ara ilé rẹ̀ ni ajá yín ṣe léṣe.

Lẹ́yìn tí ó bá ti gba ẹ̀bẹ̀ ni kí owó tó wọ̀ ọ́. Ẹ san án fún dókítà ẹranko ní tààrà, gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ kọ ìwé pélébé kan tí yóò sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, iye tí ẹ san, àti ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sí géètì, kí ẹ̀yin àti Hájíà fọwọ́ sí i lójú mai unguwa, ìyẹn baálẹ̀ àdúgbò, tàbí alága àdúgbò. Èmi rò pé apá ti géètì yẹn gan-an ni Hájíà ń béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lílé ajá ni ó fi sọ ọ́.

Ẹ sọ fún ọkọ yín pé ògiri kò lè gbè é, nítorí inú ọgbà Hájíà ni ajá ti bá ológbò. Ká ní inú ọgbà tiyín ni, ẹjọ́ náà ì bá yàtọ̀. Bí ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú bá dé iwájú adájọ́, ọ̀kan nínú ohun tí yóò béèrè ni bóyá ẹni tó ni ajá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ajá òun máa ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Títí di Sátidé, ó lè ní òun kò mọ̀. Láti Sátidé lọ, kò lè sọ ọ́ mọ́. Òfin ìwà ọ̀daràn, Penal Code, tí a ń lò ní Àbújá àti ní Àríwá sì ní ìjìyà fún ẹni tó bá fi àìbìkítà jẹ́ kí ẹranko ọwọ́ rẹ̀ fi ẹ̀mí ènìyàn sínú ewu, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọdé wà lójú pópó yín.

Ọ̀rọ̀ géètì náà kò ṣòro láti tún ṣe. Kí ẹ mọ àkókò tí mai ruwa ń dé, kí a sì ti Kòkànyín mọ́ inú ilé ajá onírin kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìdè géètì. Kí ó sì jẹ́ iṣẹ́ àgbàlagbà. Kí ẹ má fi ẹ̀wọ̀n so ó láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, ajá tí a so lójoojúmọ́ a máa rorò sí i. Mo tún fẹ́ bẹ̀ yín nípa orúkọ rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí Yorùbá ń fi orúkọ ajá ṣe. Hájíà lè má gbọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá pọ̀ ní Kúbwà, ẹnì kan yóò sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ẹ má pe Kòkànyín sókè ní ìta fún oṣù kan.

Ìbéèrè

Zaria ni mo ń gbé. Ajá kan pa ẹyẹlé mi mẹ́ta. Aládùúgbò mi ní òun kọ́ ló ni ín, bẹ́ẹ̀ òun ló ń fún un ní oúnjẹ lálaalẹ́. Mo fẹ́ fi májèlé sínú ẹran sílẹ̀ dè é. Ṣé mo jẹ̀bi?

Bàbá Ẹlẹ́yẹlé, Zaria.

Ìdáhùn

Ẹ ó jẹ̀bi, Bàbá. Pípa ẹran ọ̀sìn ẹlòmíràn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin kan náà tí a dárúkọ lókè, májèlé kò sì mọ ajá tí a torí rẹ̀ gbé e kalẹ̀. Ọmọ kékeré lè mú ẹran náà. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ajá náà níbi abọ́ oúnjẹ rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ bá mai unguwa, torí ẹni tó ń bọ́ ajá lálaalẹ́ kò lè fi bẹ́ẹ̀ sọ pé òun kọ́ ló ń sìn ín. Bí ẹyẹlé kan bá ṣì wà láàyè tó ní ọgbẹ́, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ahmadu Bello kò jìnnà sí yín. Lónìí, ẹ gbé ilé ẹyẹlé yín lé orí òpó tó ga ju ibi tí ajá lè fò dé lọ, kí ẹ fi páànù wé òpó náà yíká, kí ẹ sì fi wáyà tí ojú rẹ̀ kéré dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.