Ọjà ń tà, ojú owó ń tán: níbo ni owó ń gbà lọ?

ÌBÉÈRÈ: Mo ṣí ìsọ̀ ẹja tútù sí Ìbàdàn ní oṣù Kẹta ọdún 2023, páálí mẹ́wàá ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀. Mo ń jèrè lórí páálí kọ̀ọ̀kan, n kò sì náwó ní ìnákúnàá, síbẹ̀ nígbà tí ọdún fi parí, agbára mi kò ká ju páálí márùn-ún lọ mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n yá owó kún un ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì yá owó. Owó tí a bá yá sínú ìsọ̀ tí ojú owó rẹ̀ ń jò, omi inú ajere ni.

Nínú iṣẹ́ ìṣirò owó tí mò ń ṣe, ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé iye tí ọlọ́jà ra ọjà ló fi ń mọ èrè, kì í ṣe iye tí yóò fi rà á padà. Ká ní ẹ ra páálí kan ní ₦40,000, tí ẹ sì tà á tán ní ₦44,000, ẹ ó kọ èrè ₦4,000 sílẹ̀. Bí ẹ bá padà lọ rajà tí wọ́n ní ó ti di ₦46,000, ẹ ti pàdánù ₦2,000. Bí ẹ bá sì ti fi ₦4,000 ọ̀hún ra oúnjẹ sílé, ₦6,000 ni ẹ óò wá kún un. Ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀ gan-an ló sọ èyí di ewu ńlá. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ìjọba kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo, lítà bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 sì kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti sọ, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦470 sì ti kọjá ₦850 kí ọdún tó parí. Bẹ́ẹ̀, dọ́là ni a fi ń kó ẹja Titus wọlé, jẹnẹrétọ̀ ló sì ń jẹ́ kó dì.

Ibi kejì ni àjọ, tí ẹnikẹ́ni kì í fura sí. Mo rántí ìwé àkọsílẹ̀ obìnrin kan tí ìpẹ́ ẹja ti gbẹ mọ́ ojú ewé rẹ̀: ojoojúmọ́ ló kọ ₦3,000 fún alájọ, títí kan ọjọ́ tí òjò kò jẹ́ kó tà ju kílò méjì lọ. Ojú owó ló ń dá lọ́jọ́ náà. Nígbà tó kó àjọ lópin oṣù, tí alájọ ti yọ owó ọjọ́ kan tirẹ̀, ó pe ìyókù ní èrè, ó sì fi san owó ilé ìwé. Kì í ṣe onínàákúnàá, ìyá tó ń tọ́jú ọmọ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dùn mí gan-an.

Àwìn náà ń jẹ ojú owó, nítorí owó tó pẹ́ oṣù kan lọ́wọ́ oníbàárà kì í ra iye ẹja tó gbé lọ mọ́.

Kí ẹ tó ṣí ìsọ̀ láàárọ̀, ẹ pe ibi tí ẹ ti ń rajà, ẹ béèrè iye tí páálí jẹ́ lónìí, kí ẹ sì fi ìyẹn dá iye tí ẹ óò tà á, bí èyí tó wà nílẹ̀ tilẹ̀ wọlé ní owó kékeré. Ẹ dá owó iṣẹ́ kan fún ara yín lọ́sẹ̀, ẹ kọ ẹja tí ẹ gbé lọ sílé sílẹ̀ bí èyí tí oníbàárà rà, kí àjọ sì máa ti inú èrè nìkan jáde. Àwọn oníbàárà kan yóò lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò tíì fowó lé e; ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, páálí ni kí ẹ kà, kì í ṣe owó: bí márùn-ún bá ti di mẹ́fà, nígbà náà ni a lè jọ sọ̀rọ̀ lórí owó yíyá.