Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Kọ́ńsọ́tàǹ fún Ẹ̀kọ́ Orí Kọ̀ǹpútà

Lẹ́tà tí ẹ kọ láti Àjàṣẹ́, Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ lórí bí a ṣe ń gba kọ́ńsọ́tàǹ, ìyẹn amòye tó ń báni ṣètò iṣẹ́, pọ̀, a sì mú mẹ́fà nínú wọn. Owó tí ìlú dá jọ fún ọmọ rẹ̀ kì í ṣe owó à ń fi dánra wò, ìdí nìyí tí a fi dáhùn pẹ̀lú ìṣirò níbi tí ìṣirò bá wà.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan, Sábẹ̀ẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Kútọnu àti ní Faransé ti dáwó jọ kí kọ̀ǹpútà lè wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 12. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ wá kọ́ńsọ́tàǹ tí yóò ṣètò rẹ̀. Níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kú akitiyan. Ìwé iṣẹ́ ni ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìwé tó sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí kọ́ńsọ́tàǹ ṣe, èyí tí àwọn ará ọ́fíìsì ń pè ní TDR. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, ojú ewé mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó. Bí ẹ bá fi lé kọ́ńsọ́tàǹ lọ́wọ́, èyí tó kọ fún ìlú mìíràn lọ́dún tó kọjá ni yóò gbé wá fún yín.

Ẹ má kọ "a fẹ́ ẹ̀kọ́ ìgbàlódé" sí i. Ẹ kọ ohun tí ọmọ kò lè ṣe lónìí tí ẹ fẹ́ kó lè ṣe: "Ọmọ CE2 (kíláàsì kẹrin) wa kò lè ka gbólóhùn márùn-ún ní Faransé kó sì sọ ohun tó kà, a fẹ́ kó lè ṣe é kó tó dé CM1." Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, kọ́ńsọ́tàǹ yóò lè sọ bóyá ẹ̀rọ ló kàn, tàbí ìwé kíkà, tàbí olùkọ́ tí kò tó. Ní orílẹ̀-èdè Perú, ìjọba pín kọ̀ǹpútà alágbèéká fún àwọn ọmọ ilé-ìwé abúlé lábẹ́ ètò One Laptop per Child. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2012 lórí ilé-ìwé 319 fi hàn pé kọ̀ǹpútà pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹ̀rí pé ìṣirò tàbí èdè wọn dára sí i. Ẹ̀rọ dé, ṣùgbọ́n ètò tó ṣe kedere nípa ohun tí ọmọ máa fi ṣe nínú kíláàsì kò tó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ iye ọjọ́ iṣẹ́. Fún ilé-ìwé 12, ọjọ́ 21 bójú mu: 2 fún kíka ìwé tó wà nílẹ̀, 6 fún ìbẹ̀wò ní ilé-ìwé méjì lójúmọ́, 3 fún ìpàdé pẹ̀lú olùkọ́, òbí àti ilé mẹ́rì, 6 fún kíkọ, 1 fún ṣíṣàlàyé fún yín, 3 fún àtúnṣe. Bó bá jẹ́ àsìkò òjò tí ọ̀nà abúlé ti bàjẹ́, ẹ fi ọjọ́ méjì kún ìbẹ̀wò. Ẹni tó bá ní òun lè jókòó sí Kútọnu ṣe gbogbo rẹ̀ lórí fóònù, ẹ má gbà á.

Ohun tí kọ́ńsọ́tàǹ gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan nìyí: iye ọmọ tó jókòó ní kíláàsì lọ́jọ́ náà, kì í ṣe iye orúkọ inú ìwé nìkan, bóyá iná SBEE dé ibẹ̀, wákàtí mélòó ló sì máa ń wà, ojú iná mélòó ló ń ṣiṣẹ́, yàrá wo ló ní ìlẹ̀kùn tó ṣeé tì, tí òrùlé rẹ̀ kò sì jò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì MTN, Moov tàbí Celtiis tó wọlé, kí ó wọ̀n ọ́n nínú kíláàsì gan-an ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, kì í ṣe lábẹ́ igi níta, iye olùkọ́ tó ní fóònù tó lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n bí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé nìkan, ọjọ́ tó bá lọ ìpàdé ní Dasà, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

Ẹ so owó mọ́ iṣẹ́ tí ẹ fojú rí. Nínú 100 sẹ́fà, ẹ san 20 nígbà tó bá fi ètò iṣẹ́ rẹ̀ hàn tí ẹ sì fọwọ́ sí i, 30 nígbà tí àkọsílẹ̀ ìbẹ̀wò ilé-ìwé 12 bá pé, 30 nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ bá jáde, 20 lẹ́yìn àtúnṣe. Ibi tí wọ́n ti san ìdajì sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni ìwé àdàkọ ti máa ń wá, èyí tí orúkọ ìlú mìíràn ṣì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé aládàáni kan, Àjàṣẹ́: Ẹni mẹ́ta ló fi ìwé wá. Ọ̀kan ní òun yóò gba 1,600,000 sẹ́fà, ìkejì 2,400,000, ìkẹta 3,000,000. Àwọn olùdókòwò wa fẹ́ èyí tó rọjú jù. Ṣé ẹ̀bi wà níbẹ̀?

Ẹ gba ìwé tí wọ́n fi ṣàlàyé bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣiṣẹ́ àti ìwé owó lọ́wọ́ wọn ní àpòòwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ sì fún iṣẹ́ ní máàkì kí ẹ tó ṣí ti owó. Bí ojú bá ti kọ́kọ́ rí owó, ọwọ́ á ti tẹ̀ sí ibì kan. A máa pín 100 báyìí: 40 fún bó ṣe lóye iṣẹ́ yín àti ọ̀nà tó fẹ́ gbà ṣe é, 30 fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó ti ṣe níbi tí iná kì í dúró, 20 fún àwọn tí yóò wá fúnra wọn, 10 fún Faransé àti èdè tí àwọn òbí ń sọ. Ẹni tí kò bá tó 70, ẹ dá ìwé owó rẹ̀ padà láì ṣí i.

Ká ní ẹni 1,600,000 gba 61, ẹni 2,400,000 gba 82, ẹni 3,000,000 gba 88. Ẹni àkọ́kọ́ ti bọ́. Nínú àwọn tó kù, ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù gba gbogbo máàkì owó; èkejì, ẹ fi owó tirẹ̀ pín owó tó kéré jù, kí ẹ sì sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po máàkì owó. Bí ẹ bá fi 80 sí iṣẹ́ àti 20 sí owó, ẹni 2,400,000 yóò ní 65.6 àti 20, àpapọ̀ 85.6. Ẹni 3,000,000 yóò ní 70.4 àti 16, àpapọ̀ 86.4, òun ló wọlé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 70 àti 30, ẹni 2,400,000 ní 87.4, èkejì ní 85.6. Àwọn èèyàn kan náà ni, ìwé kan náà ni, ìpín yín ló yí ẹni tó wọlé padà. Nítorí náà, ẹ kọ ìpín yìí sínú TDR yín kí ẹnikẹ́ni tó fi ìwé sílẹ̀, kó má di pé wọ́n ní ẹ yí i fún ẹnì kan. Fún ilé-ìwé aládàáni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, 70 àti 30 la fara mọ́.

Ẹ tún yẹ owó orí wò. TVA, ìyẹn owó orí tí a ń san lórí ọjà àti iṣẹ́, jẹ́ 18 nínú 100 ní Bẹ̀nẹ̀. Owó 2,400,000 tí kò sí TVA nínú rẹ̀ yóò di 2,832,000 lọ́jọ́ ìsanwó. Ẹ ní kí gbogbo wọn kọ iye tí TVA ti wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì fi IFU wọn, ìyẹn nọ́ńbà owó orí wọn, sí i.

Ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà sínú àdéhùn. Iléeṣẹ́ ńlá lè fi ìwé ẹ̀rí àgbà tó ti ṣiṣẹ́ fún 20 ọdún hàn yín, kí ẹni tó dé jẹ́ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Kò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹni náà láì jẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i.

Òbí kan, Àjàṣẹ́: Ẹnì kan tó ń ta tábúlẹ́ẹ̀tì ní òun yóò ṣe ètò náà fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì pè é nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra ọjà. Ètò tí òun bá kọ, tábúlẹ́ẹ̀tì ni yóò wà níparí rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn kọ́ńsọ́tàǹ yín pé kọ́ńsọ́tàǹ náà, ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀, àti iléeṣẹ́ tó bá ní ìpín nínú rẹ̀, kò lè ta ẹ̀rọ fún yín lórí iṣẹ́ yìí, kò sì gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tó ń tà.

Olùkọ́ kan, Kétu: Ètò tí wọ́n kọ fún wa ní tábúlẹ́ẹ̀tì 30, pánẹ́ẹ̀lì oòrùn 100 wáàtì, bátìrì 12 fóòtì 100Ah, kí gbogbo ọmọ sì máa wo fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé yóò ṣiṣẹ́?

Rárá o, kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ gba ìwé náà kí ẹ bá wa ṣírò.

Bátìrì tábúlẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ 6,000 mAh ní 3.7 fóòtì gba nǹkan bí 22 Wh (wáàtì-wákàtí, ìwọ̀n iná). Iná a máa ṣòfò nígbà tí a bá ń fi sí i, ẹ jẹ́ ká pè é ní 26. Ọgbọ̀n tábúlẹ́ẹ̀tì jẹ́ 780 Wh. Ẹ̀rọ Wi-Fi tó ń jẹ 10 wáàtì fún wákàtí 6 jẹ́ 60, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń pín ẹ̀kọ́ jẹ́ nǹkan bí 40. Àpapọ̀ 880 Wh lójúmọ́.

Pánẹ́ẹ̀lì 100 wáàtì ńkọ́? Lásìkò òjò, ẹ ka oòrùn tó dáa sí wákàtí 4, kí ẹ sì yọ ìdá mẹ́rin kan fún ooru, eruku àti wáyà. 100 × 4 × 0.75 jẹ́ 300 Wh péré. Bí ẹ bá yọ 100 Wh ti Wi-Fi àti kọ̀ǹpútà kékeré kúrò, 200 ló kù: tábúlẹ́ẹ̀tì méje ló lè gbé, 23 yòókù yóò kú. Pánẹ́ẹ̀lì 300 wáàtì ni ìṣirò pè fún. Ẹ ra 400, nítorí ìkùukùu.

Bátìrì olómi 12 fóòtì 100Ah gba 1,200 Wh, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lò ó kọjá ìdajì lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ bàjẹ́. 600 lẹ ní lọ́wọ́. Méjì lẹ nílò kó lè gbé yín ọjọ́ kan tí oòrùn kò bá yọ. Bátìrì lithium ọ̀kan ṣoṣo irú ìwọ̀n yẹn yóò fún yín ní nǹkan bí 1,000 Wh. Owó rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n ó pẹ́ ju olómi lọ dáadáa.

Ẹ máa fi iná sí tábúlẹ́ẹ̀tì ní ìpín méjì, 15 lẹ́ẹ̀kan, nítorí ọgbọ̀n lápapọ̀ á fa 300 wáàtì, okùn iná olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi ń pín in á sì yọ́. Ẹ má kó tábúlẹ́ẹ̀tì sínú àpótí irin tó tì pa lábẹ́ páànù: ooru á mú kí bátìrì wọn wú. Àpótí náà gbọ́dọ̀ ní ihò ní ìsàlẹ̀ àti lókè. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ tútù nu pánẹ́ẹ̀lì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ní kùtùkùtù kó tó gbóná. Kí wọ́n ri okùn mọ́ ilẹ̀ nítorí àrá.

Ní ti fídíò, ọmọ 30 tó ń wò ó papọ̀ nílò nǹkan bí 30 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ kò sì ní rí i dúró gbọin ní abúlé. Kí kọ́ńsọ́tàǹ yí ètò padà sí èyí tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Kolibri, ètò ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ Learning Equality ṣe, jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kékeré bí Raspberry Pi, ẹ̀kọ́ ìṣirò Khan Academy lédè Faransé sì wà níbẹ̀. Ẹ fà á sórí rẹ̀ níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dáa, ẹ wá gbé e lọ sí ilé-ìwé. Kí ètò sọ ẹ̀kọ́ wo nínú rẹ̀ ló bá ọ̀sẹ̀ wo mu nínú ìwé ẹ̀kọ́ CM2 (kíláàsì kẹfà) ti Bẹ̀nẹ̀. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, olùkọ́ tó ń ronú nípa CEP, ìdánwò àṣejáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò ní ní àkókò fún un, kò sì ní jẹ̀bi.

Olùkọ́ àwọn àgbàlagbà kan, Kétu: Kọ́ńsọ́tàǹ ní ká kó ìwé Yorùbá láti Nàìjíríà sórí ẹ̀rọ fún àwọn ọmọ CI (kíláàsì kìíní). Ṣé kò burú?

Èrò náà dára gan-an. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ kà ní èdè tó ń gbọ́ nílé a máa tètè lóye ohun tí lẹ́tà wà fún. Ṣùgbọ́n ẹ bi í nípa àkọtọ́. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni ní Bẹ̀nẹ̀ ń lo ɛ, ɔ, sh àti kp. Ti Nàìjíríà ń lo ẹ, ọ, ṣ àti p. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó rí "ɔ̀kpá" lójú pátákó tó sì rí "ọ̀pá" lórí tábúlẹ́ẹ̀tì á rò pé ọ̀rọ̀ méjì ni. Kí ẹ yan ọ̀kan fún ọdún àkọ́kọ́, kí wọ́n sì yí èkejì padà, iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni fún ẹni tó mọ̀wé. Ẹ̀ka èdè náà ńkọ́? Ohùn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀, kó jẹ́ ohùn ará Kétu.

Ẹgbẹ́ òbí kan, Sábẹ̀ẹ́: Kọ́ńsọ́tàǹ ti parí, ó fún wa ní ìwé ojú ewé 94. A kò mọ ohun tí a máa ṣe lọ́la. Ó tún ní ká ya fọ́tò gbogbo ọmọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ kọ́kọ́ dá fọ́tò dúró. Òfin 2017-20 ti 20 oṣù kẹrin 2018, tí wọ́n ń pè ní Code du numérique, dáàbò bo ìsọfúnni èèyàn, APDP ni àjọ tó ń bójú tó o. Orúkọ, máàkì àti àwòrán ọmọ kò gbọ́dọ̀ jáde láì sí àṣẹ òbí. Kí ó lo nọ́ńbà dípò orúkọ.

Ní ti ìwé ojú ewé 94, bí ẹ bá so owó mọ́ iṣẹ́ bí a ṣe sọ lókè, ẹ má tíì san 20 nínú 100 tó kù. Ẹ pè é padà fún ọjọ́ 3 àtúnṣe tó wà nínú àdéhùn, kí ó sì fún yín ní ojú ewé kan péré: ilé-ìwé méjì tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ àti ìdí rẹ̀, ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, orúkọ rẹ̀ àti oṣù tí yóò ṣe é, iye owó ọdún 3, kì í ṣe ti ọjọ́ ìràjà nìkan. Nínú owó náà, kí ẹ rí ibi tí owó àtúnṣe, bátìrì tuntun àti ìkọ́ni olùkọ́ wà. Bí ìkọ́ni bá jẹ́ ọjọ́ méjì péré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ní kó yí i: ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí ẹnì kan máa wá jókòó nínú kíláàsì pẹ̀lú olùkọ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, títí ọdún ẹ̀kọ́ yóò fi parí.

Kí ó tún kọ bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ dán ọmọ CE2 wò kí ẹ̀rọ tó dé, kí wọ́n ka gbólóhùn márùn-ún Faransé tí a sọ lókè, kí ẹ sì tún dán wọn wò lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ìwé méjì mìíràn tí ẹ̀rọ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ìyàtọ̀ kò bá sí, ẹ má gbé e lọ sí ilé-ìwé kẹta.